Ẹni Tí A Jọ Ń Gbá Géèmù Láti Ẹ̀yìn Ògiri

Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú aṣọ ìnujú mi níbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eruku ló ń mú mi wúkọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n fi oṣù mẹ́fà lo oògùn.

Obìnrin onídìrí tí yàrá rẹ̀ fara ti tèmi ní Onígbòǹgbò ló kọ́ mi láti ẹ̀yìn ògiri ní géèmù orí fóònù kan, tí ènìyàn méjì fi ń bá iwin jà. Àwọn tó ti gbá a ní ó ti le jù. Òun ní, “Kò le. Àwọn tó ń dá sáré ló ń kú.” Bí mo bá ṣubú, á padà wá gbé mi. Ohun tó ń bí i nínú ni pé mo máa ń tọ́jú oògùn inú géèmù títí n ó fi kú.

“Bọ̀dá, ṣé kí wọ́n fi sin yín ni?”

Lóṣù kẹta, ara mi yá, mo pa oògùn gidi tì. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, ó dá géèmù dúró. “Ẹ lò ó. Kí n gbọ́ bí ẹ ṣe ń mumi.” Láti ìgbà náà, kì í bẹ̀rẹ̀ láìgbọ́ ọ.

Dókítà ti ní n kò lè kó o ràn án mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí, n kò jẹ́ kó wọlé. Lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò ìkẹyìn ní ikọ́ náà ti tán, mo ka èsì náà sókè sí ògiri. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, mo sì lọ ṣí tèmi.