Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Ń Gun Adúmáadán Láràárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò gun ẹṣin níbi ìje rí. Àárọ̀, tí wọ́n bá ń fi eré kọ́ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Adúmáadán, ló máa ń gùn ún. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Òun náà ti lọ báyìí, ó pé oṣù mẹ́ta. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ eléyìí.

Abo ẹṣin ọmọ ọdún mẹ́ta ni Adúmáadán. Kò sí ẹṣin tó lè bá a sáré ní ọgbà wọn. Síbẹ̀, ó lọ síbi ìje lẹ́ẹ̀mejì, kò gba ipò kìíní. Òun ló máa ń wà níwájú. Tó bá kù díẹ̀ kó dé òpin, á dín eré kù, àwọn yòókù á kọjá.

Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ẹṣin sọ pé ọ̀lẹ ni Adúmáadán. Ó ní òun máa tà á lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ̀gbọ́n mi délé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ó ní.

Ẹṣin àgbà kan ló máa ń bá Adúmáadán sáré láàárọ̀, Alàgbà ni wọ́n ń pè é. Orúnkún ń dùn ún. Àánú ẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Tí Adúmáadán bá ti fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á fa ìjánu, wọ́n á dúró dè é, kí wọ́n lè jọ dé. Ọdún kan gbáko. Adúmáadán rò pé bí wọ́n ṣe ń sáré nìyẹn.

"Àǹtí mi, ẹ má sọ fún wọn o. Wọ́n á lé yín."

"Ṣé kí wọ́n wá tà á torí ohun tí mo ṣe?"

Alágbẹ̀dẹ tó ń kan bàtà ẹṣin wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún ọ̀gá. Òun ló ròyìn fún mi. Ó ní ọ̀gá bi í léèrè pé:

"Ìwọ lo kọ́ ẹṣin mi ní ọmọlúàbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹṣin ìje?"

Alágbẹ̀dẹ ní ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí òun fi òòlù lu àtàǹpàkò òun.

Ọ̀gá ò lé e. Ó ní, "Mo fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ gba ohun tó o kọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀."

Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti kọjá lára Alàgbà, Adúmáadán á yí ọrùn padà. Ẹ̀gbọ́n mi á tú ìjánu, á sọ sí i létí pé, "Máa lọ, ìyá mi. Alàgbà mọ̀nà ilé."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni a jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lọ́jọ́ ìje kẹta. Nígbà tí Adúmáadán dé ibi tó ti máa ń dín eré kù, ó di ọwọ́ mi mú, èékánná ẹ̀ wọ̀ mí lára. Etí ẹṣin náà yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó ń lọ. Òun nìkan ló dá dé òpin.

Ìje mẹ́sàn-án ló gbà léraléra. Wọ́n fi í ṣe olórí gbogbo abo ẹṣin ọdún yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà sí i, owó ibẹ̀ ló fi rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà tí mo ń ṣe jẹ lónìí.

Ọ̀gá wá kí ẹ̀gbọ́n mi ní ọsibítù ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé ẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà, tí ẹ ò lé mi nígbà yẹn."

"Ìwọ lo ṣeun," ọ̀gá ní. "Ká ní o ò sọ ni, ǹ bá ti tà á."

Etí mi gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ pé etí tiẹ̀ náà gbọ́ ọ kó tó lọ.