Ẹ̀gà Méjì Orí Máńgòrò Àǹtí Nimota

Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà ní abúlé wa, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, tí ẹ̀fín rẹ̀ ń sọ ẹyẹ di dúdú. Wọ́n ní ẹ̀gà yẹ́lò tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan fa ẹ̀fín náà símú, orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dúdú, lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀ dé ìrù, ohùn rẹ̀ á sì há. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ibùdókọ̀ Adégbayí, ewúrẹ́ funfun kan ti wọ inú rẹ̀: ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó jí, ó ti dúdú. Ẹni tó sọ ti ewúrẹ́ fún mi nínú mọ́tò búra pé òun fojú ara òun rí i. Mo bi í pé ta ló ni ewúrẹ́. Ó ní kí n má yọ òun lẹ́nu.

Mo mọ ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó ni ẹ̀rọ ná.

Àǹtí Nimota ni, àbúrò ìyá mi. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà lọ fún àwọn tó ń din gàrí. Àǹtí mi kò ga, wọn kò sì sanra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn mú tí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò tíì sí ọjọ́ tó ní òun ò jí. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Nígbà tí wọ́n rà á, àwọn ọkùnrin abúlé ń bi Bọ̀dá Àbúdù, ọkọ wọn, pé ta ni yóò máa bá ìyàwó rẹ̀ yí i. Bọ̀dá Àbúdù ní, “Èmi kọ́ o. Ọkọ́ lèmi mọ̀ ọ́n yí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lónìí, bí ẹ́ńjìnnì ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn bá kọ̀, ọ̀dọ̀ àǹtí mi ló ń sáré wá.

Etí ni àǹtí mi fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n lè jókòó sórí àpótí, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀pà wọn jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n á ṣàdédé ní, “Ó ti ń wúkọ́ gbígbẹ. Ẹ bu omi sí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀.” Ẹni tó bá débẹ̀ á rí i pé omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́.

Etí kan náà ni wọ́n fi mọ àwọn ará òkè. Igi máńgòrò ńlá kan ló ṣíji bo ẹ̀rọ náà, ẹ̀gà ló sì ni igi náà. Oríṣi méjì ni wọ́n. Ọ̀kan yẹ́lò, orí rẹ̀ nìkan ló dúdú. Èkejì dúdú láti orí dé ìrù, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n bí irin tó ti dípẹtà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, oríṣi méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi hun ilé rogodo sí orí ẹ̀ka. Ilé dúdú kan ilé yẹ́lò. Wọ́n ń jí imọ̀ ara wọn, wọ́n ń ṣẹ́jú ìjà síra wọn, ariwo wọn sì ju ti ọjà lọ.

“Ẹ gbọ́ yẹ́lò yẹn,” àǹtí mi máa ń wí. “Á sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀, á wá fà á gùn níparí, kíírrrr, bí kẹ̀kẹ́ tí kò rí òróró. Ti dúdú kúkúrú ni, ó sì há, bí ìgbà tí omi kán sínú òróró gbígbóná. Àwọn obìnrin wọn ń gbọ́. Ìyàwó yẹ́lò kan ò ṣì wọ ilé dúdú rí. Ẹ̀yin èèyàn lẹ̀ ń ṣìlé.”

Àwọn àgbà ní èdè ẹ̀gà, ẹ̀gà ló yé. Mo ti sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n lọ wádìí, bóyá inú ìtẹ́ ni wọ́n ti gbé àbúrò wọn yìí.

Ó dáa, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn tó gbé ẹ̀gẹ́ wá tò dé ìdí kànga. Mo fi fóònù ya ẹ̀gà yẹ́lò kan, mo ya dúdú kan, mo gbé àwòrán méjèèjì sójú àǹtí mi, mo sì pariwo kí gbogbo ìlà lè gbọ́: “Àǹtí, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ọmọ yìí fún yín, ẹ wá wo bí ẹ ṣe dá a padà! Ẹ̀fín yín ti sun ún jóná!” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi ju èèpo ẹ̀gẹ́ lù mí. Mo rò pé ó ti parí.

Muhsinah tó ń din gàrí gbé e lọ sọ́jà, ọjà gbé e wọ mọ́tò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ó ti dé etí Bàbá Oyèbánjí, alága àdúgbò wa, tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ṣùgbọ́n tí dáyárì wọn kò tíì fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé e sábẹ́ abíyá wá.

“Ìyá Roheem,” Bàbá wí fún àǹtí mi, “bí ẹ̀fín yín bá lè sọ ẹyẹ dà báyìí, kí ni yóò sọ àwọn ọmọ wa dà? Lọ́la a máa ṣèpàdé. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀rọ yìí ń lọ sétí títì.”

Etí títì kò ní igi, kò ní kànga. Ẹni tó ru ẹ̀gẹ́ láti oko kò ní rìn débẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò yà sí. Àǹtí mi pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n jókòó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí wọ́n pa á nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo sá tẹ̀lé Bàbá, mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwàdà ni mo ṣe.”

“Kifayah, ìgbà wo ni o kì í ṣàwàdà? Lọ́dún tó kọjá, o ní wọ́n fẹ́ ṣí pápá ọkọ̀ òfurufú Alákíà wá sí ẹ̀yìnkùlé mi. Mo ti wọn ilẹ̀! Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí tó o ń sọ yìí gan-an kì í ṣe àwàdà?”



Ní àárọ̀ Sátidé, gbogbo wa pé sábẹ́ máńgòrò. Àǹtí mi dìde, wọ́n kẹ́yìn sí igi, wọ́n fi ìborùn di ojú ara wọn. “Bàbá, èyí tó bá ń kọrin, ẹ nàka sí i, ẹ má sọ̀rọ̀. Màá sọ èyí tó jẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ oríṣi kan náà, màá ṣì í.”

Bàbá nàka.

“Yẹ́lò.”

Bàbá tún nàka.

“Dúdú. Dúdú náà tún ni. Yẹ́lò, ó wà lọ́wọ́ òsì, ilé rẹ̀ kò tíì parí, ẹ gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀.”

Wọn kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn Muhsinah, mo súfèé, mo fà á gùn, kíírrrr.

“Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀gà,” àǹtí mi wí. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìfọ́tí ló ń wá.”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ Bàbá Oyèbánjí kò rẹ́rìn-ín. “Ohùn wọn yàtọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló mú un yàtọ̀? Ẹ̀fín náà kọ́ ló fọ́ àwọn kan lóhùn?”

Mo wo ẹ̀rọ náà, mo ti ń rí i nínú oòrùn létí títì.

Àǹtí mi tú ìborùn kúrò lójú. “Kifayah, mú àwòrán tó o fi bú mi wá.”

Mo gbé fóònù fún Bàbá, mo ṣí i kó tóbi.

“Ẹ má wo ìyẹ́,” àǹtí mi ní. “Ojú ni kí ẹ wò.”

Bàbá wọ awò wọn, wọ́n wo àkọ́kọ́, wọ́n wo èkejì, wọ́n tún padà sí àkọ́kọ́. “Họ̀wù. Ojú wọn ò bára mu.”

Àǹtí mi sún mọ́ wọn, wọ́n ya ojú wọn méjèèjì tó pọ́n koko sílẹ̀. “Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nínú ẹ̀fín yìí. Ẹ wo tèmi. Ẹ̀fín a máa sọ ojú di pupa. Ṣé ó ń sọ ojú pupa di yẹ́lò ni?”

Ẹ̀rín tí Bàbá fi sẹ́nu láti àná wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, awò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Wọ́n ṣí dáyárì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n sì kà á sókè fún wa: kí ẹ̀rọ dúró síbi tó wà; kí wọ́n fi páìpù gígùn sí sàlẹ́ńsà rẹ̀ kí ẹ̀fín máa gba ọ̀nà igbó lọ; kí Kifayah máa pọn omi dúrọ́ọ̀mù fún oṣù kan gbáko.

Mo ti ń pọn ọ́n. Àǹtí mi á jókòó lórí àpótí, wọ́n á ní, “Ó ń wúkọ́,” kódà nígbà tí dúrọ́ọ̀mù kún dé ẹnu, wọ́n á sì máa fi ẹ̀pà bo ẹ̀rín wọn mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì ń lọ. Bí àwọn èrò mọ́tò bá bi mí nípa ewúrẹ́, n kò mọ nǹkan kan. Ti ẹyẹ nìkan ni mo lè sọ: ojú akọ ẹ̀gà yẹ́lò pupa ni, ojú akọ ẹ̀gà dúdú yẹ́lò ni.