Igi Tí Káfíńtà Kò Fẹ́ Là

Ohùn ìfági dákẹ́ lójijì, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ọkùnrin méjì ni, aṣọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́rùn wọn, ọ̀kan mú àpò ìrẹsì òfìfo dání. Wọ́n kí bàbá káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Joju, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé akika wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, níbi tí mo ti ń ra ẹ̀kọ, mo ń fọ́nnu fún ẹgbẹ́ mi pé mo rí ẹranko tó ní ìpẹ́ bíi ti ẹja láti orí dé ìrù, tó sì ní ọmọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn wa.

Bàbá káfíńtà fúnra rẹ̀ ló fi í hàn mí lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ìtì igi ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, inú rẹ̀ ti dihò, gbogbo àwọn tó fẹ́ là á fún igi ìdáná ló sì lé padà. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òórùn lẹ́búlẹ́bú pákó àti ọ́ìlì dúdú tó ń fi kun pákó nítorí ikán gba imú mi. Nínú ihò náà, ohun kan ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, ọmọ rẹ̀ wà láàárín.

"Ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn," ni ó wí. "Òun ló ń bá mi jẹ àwọn ikán tó ń jẹ pákó mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà dé, kò tíì pẹ́ tí Bàbá kí ìrun Àìlà tán tó sì padà sídìí ìfági, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Mo sá sẹ́yìn àwọn pákó.

"Ṣọ́ọ̀bù nìyí," ó wí fún wọn. "Ẹ wá a títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi gbé igi yìí kúrò lọ́nà ná, agbára mi ò ká a mọ́."

Wọ́n bi í pé níbo ni kí àwọn gbé e sí. Ó ní létí àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé. Ó fi àkísà dí ẹnu ihò náà, ó ní kí èèrà má baà já bọ́ sí wọn lọ́rùn.

Wọ́n gbé e lé èjìká. Èyí tó wà lẹ́yìn ń kérora pé igi náà wúwo. Bàbá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé àpò ìyẹ̀fun látàárọ̀ dalẹ́? Igi òkú ló wá ń dá yín lágara?" Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Mo ń tẹ̀ lé wọn, ojú mi ò kúrò lára àkísà yẹn. Mo rí i tó mì lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n sọ igi náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín koríko. Bí wọ́n ṣe ń ṣan ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó yọ àkísà náà.

Nígbà tí a padà, wọ́n tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n yí pákó, wọ́n tú lẹ́búlẹ́bú dànù, alángbá kan ṣoṣo ni wọ́n bá. Èyí tó mú àpò dání bojú wò mí, ó ní òpùrọ́ ọmọ ni mí, bóyá ẹja díndín ni mo rí. Inú mi ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, pé wọ́n pè mí ní òpùrọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni ẹkún bọ́ lójú mi. Bàbá ò bá mi wí. Ó na orí okùn ìwọ̀n sí mi pé kí n bá òun dì í mú, ó sì fa ìlà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì a lọ wo igi náà. Ihò rẹ̀ ṣófo. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní, "Alihamudulilahi."

Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti kú. Wọ́n ti da iyanrìn sí àbàtà yẹn, wọ́n sì ti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí lé e. Àwọn èèyàn rò pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyí, pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ.

Lákòókò òjò tó kọjá, mo jí ní kùtùkùtù, mo rí ojú èékánná akika lára ilẹ̀ tútù lẹ́yìn ògiri mi, pẹ̀lú ipa ìrù tó wọ́ ilẹ̀ lọ sínú igbó kékeré tó kù. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ òwúrọ̀ máa tó kọjá. Mo mú ìgbálẹ̀. Aládùúgbò mi bi mí pé kí ni mo ń gbá lẹ́yìn ògiri láago yìí. Mo kí i pé ẹ kú ojúmọ́, mo sì ń gbálẹ̀ mi lọ.