Kóòtù Ọkọ Ìyàwó Nínú Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀

Aránṣọ ni mí, mo sì sanra dáadáa. Láràárọ̀, bí mo bá ti fìdí lélẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, oorun ti dé nìyẹn. Ní kọ́nà kan, ọkọ̀ náà máa ń gbọ̀n rìrì. Àwọn mìíràn á di ọ̀pá mú. Èmi rò pé ṣe ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Màmá Nọ́ọ̀sì, arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ máa ń wọkọ̀, á ní, "Irin ibí yìí ti gbó tán. Mo sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ títí, wọn ò gbọ́." Híhanrun ni èsì tèmi.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà yẹ̀ kúrò lójú irin, kóòtù ọkọ ìyàwó kan wà lórí itan mi, mo fẹ́ lọ gbé e fún un. Lójijì, irin han goooro, iná kú, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èmi tí mo máa ń pe ara mi ní akin nílé, "Yéè, màámi o!" ni mo fi bọnu. Bẹ́ẹ̀, màámi ti kú tipẹ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì ti kúnlẹ̀ ti ọmọbìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Aránṣọ! Mú àlùmọ́gàjí rẹ, gé aṣọ yẹn fún mi!"

"Mà, ti oníbàárà ni o!"

Ojú tí Màmá fi wò mí, ká ní òrí ni mí, ǹ bá ti yọ́. Mo gé e. Àṣé ojú rírán ni mo ń tẹ̀lé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ṣé o fẹ́ rán an padà ni? Fà á ya!"

Wọ́n fi di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, ó sì yè. Awakọ̀ kò yè, àwọn èrò kan náà kò yè. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin tó máa ń sún fún mi kí n ráyè jókòó. Ẹnu mi kò gba ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀.

Mo lọ bá ọkọ ìyàwó.

"Kóòtù mi dà?"

"Ó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ."

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Mo lè wọ èyí tó wà nílé," ló sọ.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pe àwa èrò sí ìpàdé. Ọ̀gá wọn ní àwọn ń yẹ ojú irin wò déédéé. Màmá Nọ́ọ̀sì tì mí dìde. Ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo há sórí fò lọ pátá.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin náà máa ń wọ ọkọ̀ yìí?"

Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀.

Irin kọ́nà náà ti di tuntun, ó ku ti àwọn kọ́nà yòókù. Màmá Nọ́ọ̀sì ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà nítorí wọn, mo sì ń tẹ̀lé wọn. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa mi orí. Wọ́n ní orí mi tóbi, kò sẹ́ni tí kò ní rí i.