Ọjọ́ Tí Mo Lé Táyé Bá

Ọjọ́ Sátidé tí mo gbá bọ́ọ̀lù wọlé mọ́ Táyé, ìkejì mi, lọ́wọ́, n kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Ìbejì ni wá, ṣùgbọ́n ọdún kan náà kọ́ ni wọ́n bí wa. Táyé wáyé kí aago méjìlá òru ìparí ọdún tó lù. Èmi Kẹ́hìndé dé lẹ́yìn tó lù. Ọdún ìbí ni wọ́n sì fi ń pín àwa ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Oloumi, àdúgbò wa nílẹ̀ elédè Faransé. Bí Táyé ṣe bọ́ sọ́dọ̀ àwọn àgbà nìyẹn, tí wọ́n kó èmi mọ́ àwọn kéékèèké.

Inú bí màmá wa. "Kóòṣì, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n! Òun ló rán Táyé wá wo ayé."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín, ó fi Faransé dáhùn: "Maman, òfin ò mọ ìyẹn. Àmọ́ kékeré tó bá mọ̀ ọ́n gbá lè gòkè."

Ní Sátidé yẹn, a bá àwọn àgbà gbá a. Táyé ni aṣọ́lé wọn. Ọ̀mì là ń ta títí eré fẹ́ parí, kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo mọ Táyé bí ẹní mowó: ọ̀tún ló máa ń fò sí. Mo gbá a sí òsì.

Góòlù! Màmá sáré wọ pápá. Táyé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé mi sókè.

Kóòṣì gbé jẹ́sì àwọn àgbà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀rù ò ní bà ẹ́ láàárín wọn?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ṣebí mo ti rán Táyé ṣíwájú kó lọ bá mi wò ó."