Báàgì Tó Ń Dúró de Jímọ̀

Ẹni tó he nǹkan tó fẹ́ kú torí ẹ̀, kí ni kí ẹni tó sọ ọ́ nù ṣe? Ìbéèrè àwọn àgbà nìyẹn, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: ẹni tí ò he nǹkan, tí ò sọ nǹkan nù, tí wọ́n wá lù bí ẹni ń lu bàrà, kí ni kí òun náà ṣe?

Èmi Sidikatou ni mò ń sọ̀rọ̀. Ike ni mò ń tà ní ọjà Adjamé, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé tí a wá ṣòwò sí, ìsọ̀ mi fara kan ti Mùfúlíátù, tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Fadeelah. Bàtà onírọ́bà tí wọ́n ń pè ní lẹkẹ níbí ló ń tà. Obìnrin náà kì í pariwo, kì í fa oníbàárà láṣọ. Ọkọ ẹ̀ ti kú, Niangon lòun àti ọmọ ẹ̀ ń gbé, bàtà yìí ni wọ́n fi ń jẹun. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lára ẹ̀ máa ń bí mi nínú nígbà míì. Bí ẹ̀gbẹ́ bàtà bá là, á fi han oníbàárà kó tó sanwó. Èmi á ní, "Ìyá Fadeelah, ta ló bi yín?" Ẹ̀rín ni á fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́rú kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó ń gbá iwájú ìsọ̀ ẹ̀, ó rí báàgì dúdú kékeré kan lábẹ́ tábìlì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó pè mí jẹ́jẹ́, "Sidi, máa bọ̀. Ẹlẹ́rìí ni mo fẹ́."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ẹni tí kì í bá ṣe ara wa ò lè mọ̀. Láàárín àwa Mùsùlùmí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó wà ní ìlà wa, ẹni tó bá he nǹkan kì í ké e síta lójú ẹsẹ̀. Á pe ẹlẹ́rìí kan, wọ́n á jọ tú u wò kí wọ́n lè mọ àmì ẹ̀, wọ́n á dì í padà, wọ́n á gbé e pa mọ́ títí di Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun ni ààfáà á kéde pé ẹnì kan he nǹkan. Kò ní sọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá mọ àmì ẹ̀ ló ni ín. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. Ẹnì kan pariwo rí ní ìlà wa pé òun he fóònù, kí á tó ṣẹ́jú, fóònù kan ṣoṣo ti ní ìdílé rẹpẹtẹ.

A tú báàgì náà lẹ́yìn ìsọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́kìsì ọmọ jòjòló, aláwọ̀ ewé, ẹyọ kan. Inú ṣọ́kìsì yẹn ni ẹ̀gbà ọrùn wúrà wà. Ó wúwo lọ́wọ́. Ojú mi wọ̀ ọ́, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ìyá Fadeelah, ẹni tó ni èyí ò sí ní tòsí o."

Ó ní, "Sidi, orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ." Ó ti báàgì náà bọ ìsàlẹ̀ àpò bàtà. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó di Jímọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti mú, mo gbọ́ igbe obìnrin kan ní ìlà àwọn aláṣọ. "Mon sac! On a pris mon sac!" Báàgì òun, wọ́n ti gbé báàgì òun. Marie-Claire ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun wá rajà lánàá, ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke ló bá òun kó ẹrù, láti ìgbà náà lòun ò ti rí báàgì mọ́. Ó na ìka sí Ràhímù.

Ràhímù! Ọmọ wa ni, ọmọ Ọ̀yọ́, baálé ilé, Williamsville lòun àtìyàwó ẹ̀ ń gbé. Kò sí ẹrù tí mi ò kó sórí ọmọlanke ẹ̀ rí. Kó tó la ẹnu, ẹnì kan ti fọ́ ọ létí. Ẹlòmíì ké, "Voleur!" Bí wọ́n bá ti pariwo olè lọ́jà, ta ló tún ń bèèrè ohun tí olè jí? Àwọn tí ò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ló ń sáré bọ̀ jù.

Mo wo Ìyá Fadeelah. Orí àpò bàtà yẹn gan-an ló jókòó sí.

Ẹ wo bọ́rọ̀ ṣe rí. Bó bá gbé báàgì jáde, wọ́n á ní òun lolè, ṣebí abẹ́ bàtà ló gbé e pa mọ́ sí láti àná? Ta ló máa gbà pé Jímọ̀ ló ń dúró dè? Wọ́n á ní Anango, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ti tún ṣe é. Wọ́n lè jó ìsọ̀ ẹ̀, wọ́n lè lu òun alára pa, kí Fadeelah má ní ìyá, kó má ní bàbá. Bó bá sì jókòó, Ràhímù á kú. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Mo di ìró ẹ̀ mú. "Ẹ má lọ o! Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí àwọn àgbà wa."

"Kí wọ́n tó dé, ó ti kú." Ó ti ń dìde.

Ìgbà náà la gbọ́ tí Ràhímù ké ní Yorùbá, "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí!" Ìyá Fadeelah já ìró ẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ó fa báàgì yọ, ó gbé e sókè, ó wọ àárín èrò lọ. Obìnrin tí kì í pariwo! "C'est moi! Èmi ni! Ọwọ́ mi ló wà! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n wá kọjú sí i. Ọkùnrin kan tó mú pákó dání ní, "Ah bon? Ìwọ gan-an lolè?" Wọ́n ká a mọ́. Marie-Claire nawọ́ sí báàgì, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, Ìyá Fadeelah gbá a mọ́ àyà! Ó ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo ní, yéè, obìnrin yìí ti pa ara ẹ̀ lónìí!

"Kọ́kọ́rọ́ mi," ni Marie-Claire fi Faransé sọ, ó ti ń sunkún. "Àti ṣọ́kìsì ọmọ mi, aláwọ̀ ewé. Wúrà ìyá mi wà nínú ẹ̀."

Ìyá Fadeelah gbé báàgì fún un. Ó tú u lójú gbogbo wa, kò sí ohun tó dín. Ṣùgbọ́n onípákó ò gbọ́. Ó ní bí kò bá jí i, kí ló dé tó fi gbé e pa mọ́? Ó gbé pákó sókè. Ìyá Fadeelah ní, "Mo ní ẹlẹ́rìí." Ó sì yíjú sí mi.

Gbogbo wọn wò mí. Bí mo bá ní mi ò mọ nǹkan kan, màá délé láyọ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Inú wá bí mi lójijì, mi ò mọ̀ bóyá sí onípákó ni tàbí sí ẹ̀rù tó dè mí mọ́lẹ̀. Mo kígbe, "Èmi ni ẹlẹ́rìí! Àwa méjèèjì la jọ tú u wò lánàá! Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ pa wá pọ̀!" Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Jímọ̀ fún wọn ní Faransé, ní Jùlá, ní èyíkéyìí tó bá sáà ti wá sẹ́nu mi. Marie-Claire ló gbà wá sílẹ̀. Ó dúró níwájú wa, ó ní nǹkan òun pé, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ń kùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó bẹ Ràhímù. Marie-Claire pàápàá wò ó nílẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn ará wa gbé Ràhímù lọ sílé ìwòsàn, Ìyá Fadeelah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú eruku. Mo ní kí lẹ tún ń wá. Ó la àtẹ́lẹwọ́ fún mi wò. Eyín Ràhímù ni. Ó dì í sí etí gèlè ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ti dá Ràhímù sílẹ̀ nílé ìwòsàn, Williamsville la gbà lọ. Ìyàwó Ràhímù ò dáhùn kíkí wa. Wọ́n ní ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ràhímù tí ò jalè rárá ńkọ́? Àwọn tó ń kó ẹrù fún un ti ń wá ọmọlanke ẹlòmíì. Ó dùbúlẹ̀, ojú ẹ̀ kan ti dí pátápátá. Ìyá Fadeelah, tó tó ìyá tó bí i, kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ó tú etí gèlè, ó fi eyín náà sí i lọ́wọ́.

"Mo he é," ó ní. "Ìwọ lo ni ín."

Ràhímù wo eyín náà. "Ìyá, nígbà tí wọ́n ń lù mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni báàgì yẹn wà?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi."

"Ẹ̀rù ba èmi náà." Ó pa ọwọ́ dé mọ́ eyín ẹ̀. "Ẹ dìde nílẹ̀, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún he nǹkan, Ìyá, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ má dúró de Jímọ̀."