Ẹ̀rín Tí Kò Dé Ojú Bàbá Mi

Òórùn kòkó ni mo fi ń rántí ilé wa ní Odò-Orò. Kì í ṣe kòkó gbígbẹ tí wọ́n ti dì sápò o, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, tí wọ́n sá síwájú ilé, tó ń rùn bí ọtí tó fẹ́ kan. Bàbá mi a bọ́ bàtà, a máa fi ẹsẹ̀ lásán yí i káàkiri nínú oòrùn, ẹni tó bá sì ń kọjá lójú títì, wọn á jọ ṣẹ̀fẹ̀. Ìwọ ì bá gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi! Àwọn ará àdúgbò ní bó bá rẹ́rìn-ín ní Odò-Orò, wọn á gbọ́ ọ ní Ìkọ̀lé. Bí mo bá ń bínú sí i, ẹ̀rín yẹn ló máa ń ba ìbínú mi jẹ́.

N kò lè sọ ọjọ́ tí ẹ̀rín náà lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n nígbà tó bá gbé e lé itan. Lẹ́yìn náà ló di ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí bọ́tìnnì ẹ̀wù ń dà láàmú. A ní ọjọ́ orí ni. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ náà sì yí padà: kò le, kò sì túká, ó kàn ń wò ọ́ bí ẹni tó ń wo ògiri. Nílùú wa, níbi tí ìkíni ti ju oúnjẹ lọ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bàbá ti ń gbéraga. Ìyá mi gan-an bi í lójú mi pé, "Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi ń fajú ro sí mi látàárọ̀?" Ó ní kò sí nǹkan kan. Ìyá mi kò gbà á gbọ́, èmi náà kò sì gbà á gbọ́.

Àsìkò yẹn ni àbúrò bàbá mi wá bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Àsín ni àbúrò yìí ń gbé. Ó ti gé igi kòkó tí bàbá wọn gbìn lulẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, ó sì fi ilẹ̀ náà gbin ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá mi wọra. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìsìnkú, ọ̀kan a gba ọ̀tún, ìkejì a gba òsì. Nígbà tó yá, àbúrò gbé ìgbéraga tì, ó wọ aṣọ tó dáa, ó gun ọ̀kadà wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pálọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ̀bi. Ẹ tìtorí ìyá wa foríjì mí." O mọ àṣà wa: ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ bẹ àgbà kì í dìde àfi tí àgbà náà bá ní kó dìde, kò sì sí ẹni tó lè bá àgbà sọ ọ́. Gbogbo wa dúró. Bàbá mi jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ kò yí padà, ètè rẹ̀ kò mì, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, a sì rò pé ìbínú ló ń mú un gbọ̀n. Ewúrẹ́ kan yọjú, ó wò wá, ó jáde. Mo ń sọ nínú ara mi pé, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré. Nígbà tó pẹ́ jù, àbúrò fúnra rẹ̀ dìde, ó fi orúnkún ti ara rẹ̀ sókè, omi ti lé sójú rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "N kò ní tẹ ulé yìí mọ́." Ó ti lọ kí ìyá mi tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá mi kọjú sí bàbá mi. "Ọmọ ìyá yín! Ẹ ò lè ní kó dìde?" Bàbá mi ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé. Mo sún mọ́ ọn, mo gbé etí mi sún mọ́ ètè rẹ̀. Ó tún un sọ kí n tó gbọ́ ọ: "Mo ti foríjì í. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ṣé kò rí i ni?"

Háà! Èmi tí mo wà níbẹ̀ kò rí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìdó.

Dókítà ní kó máa fi ìka kan ìka, ó ní kó rìn lọ kó rìn bọ̀, ó sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó ní Pákínsìn ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ó ní kì í ṣe ọwọ́ gbígbọ̀n nìkan, ó máa ń mú iṣan ara le, títí kan èyí tí a fi ń rẹ́rìn-ín àti èyí tí a fi ń gbé ohùn sókè. Inú ẹni náà lè máa dùn kí ojú rẹ̀ má sọ ọ́. Oògùn wà tó lè dẹ̀ ẹ́ lára, kò sí èyí tó lè mú un kúrò pátápátá. Nínú takisí tí a wọ̀ padà, ìyá mi sunkún títí a fi kọjá Ọyẹ́, ó di ọwọ́ bàbá mi mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ohun tó ti sọ sí i.

Mo lọ sí Àsín. Àbúrò bàbá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, kò gbójú sókè. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. "Àìsàn wo ló ń gba ẹ̀rín lójú èèyàn?" ló bi mí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Mo sì rí ojú ẹ̀gbọ́n mi." Mo ní bàbá ti foríjì í. Ó ní, "Ẹnu rẹ̀ ni kí n ti gbọ́ ọ." Agídí ìdílé wa nìyẹn! Inú bí mi débi pé n kò dúró jẹ uyán tí ìyàwó rẹ̀ gún.

Ìgbà tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣubú, tí kò lè dá dìde mọ́, ló tó wá. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti lọ bá a ní Àsín. Ohùn ti lọ pátápátá nígbà yẹn, ṣíbí ni ìyá mi fi ń fún bàbá mi lóúnjẹ, omi lásán sì ń há a lọ́nà ọ̀fun. Àbúrò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti foríjì mí, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀." Ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n látàárọ̀. Àbúrò gbójú sókè wò mí. "Ṣé ó fún un ni, àbí àìsàn náà ni?" N kò mọ̀. Mo ní ó fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá, tí ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, tí ń nu itọ́ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ìyá mi bá òun ṣe é. Bó bá fẹ́ máa lọ, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á tún béèrè bóyá ó ti foríjì òun. Bàbá mi á máa wò ó bí ẹni tó ń wo ògiri.

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, àbúrò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú ilé, níbi tí a ti máa ń sá kòkó. "Ọmọ mi, má tàn mí. O gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?" Mo ní, "Mo gbọ́ ọ. Ó ní òun ti foríjì yín. Ó ní òun rẹ́rìn-ín sí yín." Ó wo ojú mi títí, ó ń wá nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì lọ wá ọ̀kadà. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí ojú tí ọ̀rọ̀ há sí. Ní báyìí, bí inú mi bá dùn sí àwọn ọmọ mi, mo máa ń fi ẹnu sọ ọ́, mo sì máa ń sọ ọ́ sókè. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ mí tí mo sì ti foríjì wọ́n, mo máa ń sọ ìyẹn náà. Wọn a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màámi, a ti mọ̀ o!" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́, nígbà tí ẹnu mi ṣì ń gbọ́ tèmi.